Àpò Tí Wọ́n Ní Ó Ń Jẹrà

Oyèrónkẹ́ ò sunkún nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún náà kàn há síbì kan ni, pé tó bá yá yóò já. Ọdún kan kọjá, èkejì wọlé, ẹkún ò dé. Ọláwọlé ọkọ ẹ̀ jẹ́ tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan létí títì márosẹ̀, àìsàn kíndìnrín ló sì mú un lọ. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn méjèèjì ti wá sí agbègbè Àgbádárìgì lọ́dún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Wọn ò bímọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ní kó máa padà bọ̀ nílé, ó ní òun máa rò ó. Kò rò ó. Ó kàn ń jí láàárọ̀, ó ń wẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́.

"Kì í ṣe pé inú mi bà jẹ́," ló máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lórí fóònù. "Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ kan pẹ́, tí ẹsẹ̀ náà bá kú? Èèyàn á fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni. Kò kàn ní mọ̀ ọ́n lára ni. Bí mo ṣe wà nìyẹn."

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Aradagun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìpékeré àgbọn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á la àgbọn, wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n á yan án títí yóò fi gbẹ, wọ́n á wá dì í sínú àpò. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ Oyèrónkẹ́ ni láti rí i pé ọjà tó jáde dára: ó ń wọn àpò lórí òṣùwọ̀n, ó ń tẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó lẹ̀ dáadáa, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ tẹ̀ sára àpò, òun ló gbọ́dọ̀ kà á kó tó jáde. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ojú ẹ̀ mú. Kódà ní ọdún tí ọkọ ẹ̀ kú, kò sí àpò tó ṣófo tàbí tí kò tó ìwọ̀n tó gba abẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kọjá.

Ọládàpọ̀ Adéwọlé ló ni ilé iṣẹ́ náà, ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Ọláwọlé ló kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà ní girama, nítorí náà "Mọ́mì" ló ń pe Oyèrónkẹ́. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́, Oyèrónkẹ́ ń pè é ní ọ̀gá, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tó bá ku àwọn méjì, Dàpọ̀ ni.

Oṣù kẹta ọdún ni Michael, ọkùnrin tó ń bá wọn gba àpò láti Èkó, gbé àpò tuntun kan dé. Ó rẹwà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti páálí, ó le, kò dán bí ọ̀rá tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ya ewé tútù kan sí iwájú rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ewé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pé: Ọ̀rẹ́ Àyíká. Àpò Yìí Ń Jẹrà Pátápátá.

Dàpọ̀ gbé e yípo lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Mọ́mì, ẹ wò ó. Àwọn ilé ìtajà ńláńlá ti Èkó, irú ẹ̀ ni wọ́n ń wá báyìí."

Oyèrónkẹ́ gba àpò náà, ó fa etí ẹ̀ ya. Bébà ló kọ́kọ́ ya. Lábẹ́ bébà náà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán wà, ó fà á, kò ya. Ó fi eyín gé e.

"Ọ̀rá rèé nínú ẹ̀," ló wí.

"Kì í ṣe ọ̀rá lásán, mà," ni Michael dá a lóhùn. "Àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Ó fa ìwé náà yọ. Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Oyèrónkẹ́ wọ awò ojú ẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀, Michael sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ níbi tó dúró sí. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé àpò náà yóò jẹrà tí wọ́n bá kó o lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pàǹtírí di ajílẹ̀, níbi tí ooru kì í ti í lọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ooru tó tó èyí tí ọwọ́ ò lè gbà.

"Ibo nirú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà?"

"Òkè òkun, mà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀."

"Aradagun ńkọ́?"

Michael rẹ́rìn-ín. "Ní Aradagun, oòrùn mú, mà."

Dàpọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Oyèrónkẹ́ ká ìwé náà, ó dá a padà. Lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí Ọláwọlé ṣì wà, ì bá jókòó síbẹ̀ ṣàlàyé títí ojú á fi ti Michael. Lọ́jọ́ yẹn, gbólóhùn kan péré ló sọ. "Dàpọ̀, a ò mọ̀ bóyá ó ń jẹrà níbí." Dàpọ̀ ní, "Mọ́mì, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́." Ó bá dákẹ́. Ó rí ara ẹ̀ bó ṣe dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹlòmíì láti ojú fèrèsé. Dàpọ̀ ní kí wọ́n tẹ ẹgbàárùn-ún rẹ̀ wá.

Àmọ́ ó mú àpò mẹ́ta nínú èyí tí Michael fi hàn wọ́n sínú báàgì ẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Gberefu láti wo àgbọn tí wọ́n fẹ́ rà. Ìyá Sẹ̀nàmì, obìnrin Ègùn kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ló ń ta àgbọn fún wọn jù. Ọkọ̀ ojú omi gbé Oyèrónkẹ́ gba orí ọ̀sà kọjá, ó fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn dé ọgbà ìyá náà, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ìyá náà gé àgbọn tútù kan fún un. Ó mu ún. Ó mọ̀ pé ó dùn, nítorí pé ó ti mu ún rí.

"Ìyàwó tíṣà," ni Ìyá Sẹ̀nàmì pè é, "o ṣì wà bẹ́ẹ̀?"

"Mo ṣì wà bẹ́ẹ̀, mà."

Ìyá náà ò sọ pé kó gba kámú. Opó ni òun náà, òkun ló gbé ọkọ tirẹ̀. Ó kàn mi orí ẹ̀.

Oyèrónkẹ́ kó àpò mẹ́ta náà jáde, ó sọ ohun tí wọ́n kọ sí i lára fún un. Ìyá Sẹ̀nàmì tú u wò, ó fi èékánná ha awọ inú ẹ̀. "Tí wọ́n bá ní ó ń jẹrà, iyanrìn wà níbí. Jẹ́ ká sin ín."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ri ọ̀kan mọ́ iyanrìn ní ìhà òkun, wọ́n fi igi sàmì síbẹ̀. Wọ́n ti èkejì bọ inú òkìtì èèpo àgúnkè, bí ìyá náà ṣe ń pe àgbọn, níbi tí ohun gbogbo ti máa ń rà kíákíá nítorí ọ̀rinrin. Wọ́n fi àwọ̀n di ẹ̀kẹta, wọ́n so ó mọ́ òpó tí ìyá náà máa ń so ọkọ̀ mọ́ nínú ọ̀sà. Oyèrónkẹ́ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé kékeré tó máa ń kọ ìwọ̀n ọjà sí. Lẹ́yìn náà ó ra àgbọn tó wá rà, ó padà sílé.

Àwọn àpò tuntun dé ní oṣù kẹfà. Wọ́n ń tà wàrà-wàrà. Mercy, obìnrin ará Mówó kan tí ọwọ́ ẹ̀ yá jù nínú àwọn tó ń di ọjà, máa ń fi ewé orí àpò náà ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ àyíká." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Oyèrónkẹ́ ń wọn ọjà. Oṣù méje ló fi wọn àwọn àpò yẹn tí kò sọ nǹkan kan mọ́.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìtajà ńlá kan ní Èkó tó fẹ́ máa gba ọjà wọn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó ń mójú tó bí ọjà ṣe dára sí kọ ọ́ fúnra ẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ìbéèrè kẹrìnlá ni: Ẹ ní àpò yín ń jẹrà. Ṣé ẹ ti dán an wò? Báwo lẹ ṣe dán an wò?

Oyèrónkẹ́ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dé báírò ẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Gberefu, òun á dé kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Ìyá Sẹ̀nàmì ti ń retí ẹ̀ látọjọ́ yìí. Kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí etí òkun, níbi tí ìgbì ti ń kó pàǹtírí jọ. Láàárín àwọn ike àti bàtà tó ti já, àpò wọn wà níbẹ̀. Oyèrónkẹ́ kà á: mọ́kànlá, ní ibi tí ojú ẹ̀ dé.

"Àwọn tó ń wá gbafẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi ni," ìyá náà ní. "Mo bá ọkùnrin kan wí, mo ní kó mú ìdọ̀tí ẹ̀ dání. Ó ní kí n kà á. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń jẹrà, pé ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Mo ní mi ò mọ̀wé. Ó bá ṣí i, ó kà á sí mi létí. Máwù, Ọlọ́run mi! Ó kà á sí mi létí, ó wá jù ú sílẹ̀ níṣojú mi."

Wọ́n gbẹ́ ti inú iyanrìn. Bébà ẹ̀ ti lọ, ewé ti bá a lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ náà ti jẹrà. Awọ inú rẹ̀ wà níbẹ̀ ní odidi, ó ń dán. Ti inú òkìtì èèpo àgbọn pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Oyèrónkẹ́ fà á, kò ya. Ti inú ọ̀sà ti hu ewéko, alákàn kékeré kan sì wà nínú ẹ̀. Ìyá Sẹ̀nàmì gbọn alákàn náà sómi.

Kò ya Oyèrónkẹ́ lẹ́nu. Kò bí i nínú pẹ̀lú. Ó fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ká wọn, ó fi wọ́n sínú báàgì.

Nígbà tó padà dé Aradagun, ó jókòó, ó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrìnlá: A dán an wò fún oṣù mẹ́sàn-án, nínú iyanrìn, nínú òkìtì èèpo àgbọn àti nínú omi ọ̀sà. Bébà jẹrà. Ọ̀rá inú rẹ̀ ò jẹrà. Ó fọwọ́ sí i.

Dàpọ̀ kà á, ó ti ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, kí lẹ kọ yìí?"

"Ohun tí mo rí ni."

"Ẹ bá mi kọ 'bẹ́ẹ̀ ni' síbẹ̀. Ẹnì kankan ò ní wá wò ó."

"Wọ́n bi mí bóyá a ti dán an wò. A ti dán an wò, Dàpọ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dán an wò?" Ohùn ẹ̀ ti lọ sókè. "Ṣé ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń bẹ àwọn èèyàn yìí? Ṣé ẹ mọ iye èèyàn tó ń jẹun lára iṣẹ́ yìí? Ẹ tiẹ̀ ti ń wo àpò yìí láti ọjọ́ yìí, kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀," Oyèrónkẹ́ dáhùn. "Ìyẹn ni mo ṣe tí kò dáa."

"Mo lè ní kẹ́ ẹ má wá mọ́ lọ́la."

"Mo mọ̀."

Dàpọ̀ wò ó. Ojú obìnrin tó wà níwájú ẹ̀ tẹ́jú bí omi inú agbada. "Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín?"

Ó rò ó lóòótọ́. "Ó yẹ kó bà mí," ló wí. "Mò ń retí ẹ̀. Kò tíì dé."

Ó lọ sílé, ó se ẹ̀bà, ó jẹ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó lọ síbi iṣẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó ní kó má wá. Dàpọ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì ẹ̀, kò fi ránṣẹ́, kò sì ya á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù Oyèrónkẹ́ dún. Ìyá Sẹ̀nàmì ni.

"Ọ̀gá yín dé ọ̀dọ̀ mi o. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí a sin ín sí. Mo ní tiwa la ti hú, kó lọ wo etí òkun. Ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó lọ. Nígbà tó padà, apá ẹ̀ kún fún àpò. Mo ní kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe, ó kàn ń kó wọn sínú ọkọ̀."

Ọjọ́ Ajé, Dàpọ̀ pè é wọ ọ́fíìsì. Ìdọ̀tí tó kó bọ̀ wà nínú páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀, iyanrìn ti dà sílẹ̀. Ó ti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ bó ṣe wà.

"Mọ́mì, kí la máa kọ sára àpò tó kù? Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé kò lè jẹrà láéláé, kó lè yé wọn."

"Ìyẹn náà, a ò mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́sàn-án la fi wò ó."

Dàpọ̀ fọwọ́ nu ojú. "Ó dáa. Ká ní kí wọ́n dá àpò padà fún wa, a ó gbà á."

"Tá a bá gbà á, kí la máa fi ṣe?"

Ó ronú. Ó wo àpò inú páànù náà, ó mi orí.

"Ká má kọ ọ́ nìyẹn," ni Oyèrónkẹ́ wí. "Ọ̀rẹ́ àyíká ńkọ́? Kí ló túmọ̀ sí? Ọ̀nà wo la fi jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀?" Ó fi báírò fa ìlà lé e. Wọ́n ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohun tó kù fi kéré: Bébà ló wà lóde àpò yìí, ọ̀rá ló wà nínú. Ọ̀rá náà ò jẹrà nínú iyanrìn àti omi wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú sílẹ̀.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ bo ewé náà, lára gbogbo àpò tó kù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Mercy ló lẹ èyí tó pọ̀ jù. "Ọ̀rẹ́ mi ti kú o," ló ń wí, tó bá ti bo ewé kan.

Ìdáhùn ilé ìtajà Èkó ò gùn. Wọ́n dúpẹ́ fún òtítọ́ tí wọ́n sọ, wọ́n ní àwọn ti mú ẹlòmíì. Nígbà tí Dàpọ̀ lọ wò ó lórí àtẹ wọn, ìpékeré àgbọn ẹlòmíì ló bá níbẹ̀, nínú àpò tó ní àwọ̀ páálí, tí ewé wà lára ẹ̀.

Iṣẹ́ kéré. Dàpọ̀ ní kí èèyàn méjì dúró sílé ná: Abdulhameed tó ń mójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan àgbọn, àti Mercy. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún wọn. Mercy dé ibi òṣùwọ̀n Oyèrónkẹ́ kó tó lọ, báàgì ẹ̀ wà léjìká.

"Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rá ni ti àwọn tó gba ipò wa náà?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀," ni Mercy tún sọ. Ó dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí nǹkan. Nígbà tí kò rí i, ó jáde.

Ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í da Oyèrónkẹ́ láàmú, àmọ́ ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ló ń dà á láàmú. Ó ń wọn ọjà lọ́jọ́ kan, ó ṣi ìwọ̀n kà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Mówó, ó bi àwọn èèyàn léèrè títí ó fi dé ilé Mercy. Mercy ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ wá bẹ̀ mí ni, mà?"

"Rárá. Tí wọ́n bá tún bi mí, ohun kan náà ni mo máa kọ. Mo kàn wá wo bó o ṣe wà ni."

Mercy fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sá a. "Inú bí mi sí yín. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ. Ojú tẹ́ ẹ fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ni, bíi pé igi ni mo jẹ́."

"Kì í ṣe ìwọ nìkan ni mo fi wò bẹ́ẹ̀," Oyèrónkẹ́ ní. "Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni." Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ rí.

Mercy fa àpótí kan fún un. Ó jókòó.  Nígbà tó yá, Oyèrónkẹ́ ká ọwọ́ aṣọ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fún èyí tó kù nínú báàfù. Omi náà tutù. Nǹkan kan ta á ní àyà, ó kéré, ó sì lọ kíákíá, kò dà bí ẹkún. Ó sá aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó mú òmíràn.

Ilé iṣẹ́ náà ò kógbá. Hòtẹ́ẹ̀lì kan nínú ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà lọ́wọ́ wọn, ilé ìwé méjì kan sì ń gbà á pẹ̀lú. Nígbà tí àpò bébà náà tán, ọ̀rá lásán ni wọ́n padà sí, èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀: orúkọ ọjà, ohun tó wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ló wà lára ẹ̀, kò sí ewé kankan. Michael ṣì ń wá, ó sì tún ti gbé òmíràn dé, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó dára fún òkun. Oyèrónkẹ́ ní kó mú ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wá. Kò tíì mú un wá.

Ní oṣù kẹjọ, Dàpọ̀ ránṣẹ́ sí Mercy àti Abdulhameed pé àyè ti ṣí. Abdulhameed padà. Mercy ní òun dúpẹ́, òun ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, kò jìnnà sílé òun. Dàpọ̀ sọ fún Oyèrónkẹ́ níbi òṣùwọ̀n.

"Ó dáa," ni Oyèrónkẹ́ wí. Ó gbé àpò tó kàn lé òṣùwọ̀n, ó dúró kí nọ́ńbà náà fara balẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.